Apani Inú Ìgò

Ẹ sún wọ inú, ẹ̀yin tí òjò lé wọ abẹ́ àtíbàbà mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, kó nà án síbi iná. Òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀, èmi náà kò sì ní dákẹ́ bọ̀rọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí á jọ fara da ara wa. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ká ní tèmi ni, ẹ̀rù ì bá ti lé yín padà sínú òjò kí n tó dé ìdajì, torí ohun tí ojú mi yìí rí nínú igbó, n kì í sọ ọ́ níbi tí aboyún bá wà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tó fi ìbọn lé mi lọ́wọ́ tó sì kọ́ mi bí a ṣe ń tọ ipa ẹfọ̀n.

Ọdẹ́jìnmí kì í gbàgbé ọ̀ràn. Agbọ́n ta á nígbà kan lórí igi ìrókò, ọdọọdún ló ń padà lọ sun ìtẹ́ wọn, títí agbọ́n fi kó kúrò ní agbègbè wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ bi àwọn àgbà, wọn á sọ fún yín pé ó pẹ́ tí agbọ́n ti ta ẹnikẹ́ni lábúlé yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a wí kó gbọ́, ìyẹn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá ti ń pariwo, Àwẹ̀ró á kàn wò ó, á ní, “Ó tó,” ọ̀rọ̀ á sì tó.

Àwẹ̀ró yìí ni kókó kan jáde sí lọ́yàn. Ó kéré bí ẹ̀wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì dùn ún, ló bá ń fi aṣọ bò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ó ti di nǹkan ńlá. Dókítà gé díẹ̀ lára rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó, nígbà tó wò ó tán ó ní jẹjẹrẹ ni. Kò sí ohun tí wọn kò lò. Ẹran ara Àwẹ̀ró ń tán lọ lórí egungun, kókó yẹn ń tóbi sí i, títí ó fi pa á.

Gbogbo wa sunkún níbi isà òkú àfi Ọdẹ́jìnmí. Ó fi ìdí ìbọn gún ilẹ̀, ó ní, “Àwẹ̀ró, ohun tó pa ọ́, ibi yòówù kó wà, n óò fojú kàn án, n óò sì pa á. Bí n kò bá pa á, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọdẹ mọ́.” Àwọn èèyàn ní kó ṣe sùúrù, wọ́n ní jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yìnbọn fún. Ó bi wọ́n pé, “Ṣé kò jẹ ìyàwó mi ni?” Wọ́n ní ó jẹ ẹ́. Ó ní, “A jẹ́ pé ó ní ẹnu. Tó bá lẹ́nu, á lórí. Ẹ fi orí rẹ̀ hàn mí, kí ẹ sì yàgò.”

Bó ṣe wọ Igbó Àìwẹ̀yìn nìyẹn, níbi tí àwọn iwin ń gbé. Èmi náà ti débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo dé, iṣẹ́ pàtàkì tí mo ní nílé lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n tètè padà. Kò sí ìdí mìíràn. Iwin kan pàdé Ọdẹ́jìnmí níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́. Bó bá fẹ́ wò ọ́, àfi kó nawọ́ sí ọ bí ẹni tó fẹ́ gbá ọ létí. Wọ́n jìjàkadì débi pé koríko ibẹ̀ kò hù mọ́. Iwin yẹn gbé e, ó là á mọ́lẹ̀, ó tún gbé e. Ìgbà tó fẹ́ là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ni Ọdẹ́jìnmí di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ká ìka wọn pọ̀ di ẹ̀ṣẹ́, ó sì fún wọn pinpin. Iwin kò ríran mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Ọlọ́dẹ, dá ojú mi padà fún mi!”

“Ta ló pa ìyàwó mi?”

“Ó bí ara rẹ̀ láì lóyún. Ó pín ara rẹ̀ sí méjì, kò sì dín kù. Onílé tó gbà á sílé ti kú, òun ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Kí ni í?”

“N kò bá ọ pa àlọ́.” Ọdẹ́jìnmí tún fún ọwọ́ náà.

“Yéè! Òun náà ni! Èyí tí dókítà gé lára aya rẹ kò kú! Wọ́n gbé e lọ sí Ìlú Kí-Ló-Fà-Á. Inú ìgò ló wà. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n ń fi omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù bọ́ ọ. Ó ń gbèèrú.”

Ọdẹ́jìnmí tú ọwọ́ iwin náà sílẹ̀. Inú bí i débi pé kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu òun. Àwẹ̀ró wà nínú ilẹ̀, ẹni tó pa á wà níbì kan, ó ń jẹun, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó forí lé ìlú náà.

Ìlú Kí-Ló-Fà-Á, ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú wèrè ni. Wọn kì í kí ara wọn bí àwa ṣe ń kíra. Bí o bá sọ fún wọn pé “Ẹ káàárọ̀,” wọ́n á ní, “Kí ló fà á tí ilẹ̀ fi ń mọ́?” Bí ọmọ bá ṣubú, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń fa ènìyàn sísàlẹ̀ kó tó gbé e dìde. Ọdẹ́jìnmí bá bàbá arúgbó kan níbẹ̀ tó ti láti ìgbà èwe rẹ̀ ń wo bí irun ẹsẹ̀ eṣinṣin ṣe ń tẹ̀. Ó bi í pé, “Bàbá, kí ni èyí wúlò fún?” Bàbá náà dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé, “A kò tíì mọ̀!” Ọdẹ́jìnmí pòṣé, ó bọ́ síwájú. Irú àwọn wọ̀nyí ló ń fún ẹni tó pa ìyàwó rẹ̀ lóúnjẹ.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fadérera ni olórí ilé ìwádìí wọn. Kò dàgbà púpọ̀, ó wọ aṣọ funfun, ojú rẹ̀ sì pọ́n nítorí ohun èlò kan tó ń sọ kékeré di ńlá, tó máa ń tẹjú mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dárúkọ Àwẹ̀ró, obìnrin náà kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àjálù, bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú.”

“Dìde. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?”

Ó ṣí àpótí kan tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé ìgò pẹlẹbẹ kan jáde, omi inú rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kí ó fi ojú sínú ohun èlò náà. Ọdẹ́jìnmí wò, ó sì rí wọn, wọ́n kún ìsàlẹ̀ ìgò náà bámúbámú, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Fadérera ní sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n, pé ohun tí a fi ṣe ara gbogbo ènìyàn nìyẹn, pé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà bí odindi ìlú. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ọdẹ́jìnmí fi gbé ìdí ìbọn sókè láti fọ́ ìgò náà.

Fadérera fi ara bò ó. “Bàbá, ẹ dákun! Bí ẹ bá fọ́ ọ, wọ́n á kú. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ ẹni tó ṣe é nínú wọn láéláé.”

Ìyẹn dá a dúró. Àbí ìwọ tí o jókòó síbẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá pa ẹni rẹ, ṣé ilé lo máa jó, àbí o fẹ́ kí apani fojú kojú rẹ kó mọ̀ pé ìwọ ni?

Obìnrin náà ní olùṣọ́ kan wà nínú ìlú bẹ́ẹ̀ tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀, ojú òun kò sì tó inú ibẹ̀ láti mọ ìdí rẹ̀. Ó ní omi kan wà lọ́wọ́ òun, ẹni tó bá mu ún á kéré dé ibi tó lè wọlé. “Ẹ bá mi wo ohun tó dí i lẹ́nu. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má pa ìlú náà. Iṣẹ́ wa kò tíì parí lórí rẹ̀.” Ọdẹ́jìnmí ní òun gbọ́. Ẹnu ló fi gbọ́.

Ó mu omi náà, òun àti ìbọn rẹ̀. Ó kéré ju èèrà lọ, ó kéré débi pé eruku kan tó fò kọjá dà bí àpáta lójú rẹ̀. Nígbà tí òòyì tó ń kọ́ ọ dáwọ́ dúró, ó bá ara rẹ̀ lẹ́bàá odi ìlú kan. Odi yẹn kì í ṣe ti amọ̀, òróró ni, ìpele méjì, ó ń mì jẹ̀ẹ́jẹ̀ẹ́. Oníbodè kan dúró níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kan nà síta, ọwọ́ kejì sì ń lu agogo láì dúró. Bó ṣe ń lù ú ló ń pariwo pé, “Ẹ bí sí i! Ẹ bí sí i!”

Ọdẹ́jìnmí fọ́ ọ létí. “Ìwọ lo pa Àwẹ̀ró!”

“Kì í ṣe èmi, baba! Ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ láti òkè odò nìkan ló yẹ kí n lu agogo yìí, kí n sì dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dá mi nìyí, ọwọ́ mi kì í wálẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú.”

Ó wọlé. Alábàárù kan ń bọ̀ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, kò lójú kò létí, àpò tó rù sì tóbi ju ilé lọ. Ọdẹ́jìnmí dá a lọ́nà, ìyẹn gba orí rẹ̀ kọjá. Ó tẹ̀lé e dé ibi tí àwọn asínlẹ̀kẹ̀ jókòó sí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń gba àṣẹ láti ilé àárín ìlú, wọ́n sì ń sín ìlẹ̀kẹ̀ bí àṣẹ náà ṣe wí. Bí wọ́n bá ti sín ọ̀kan tán, okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà á ká ara rẹ̀ pọ̀, á sì di ẹ̀dá tó ń rìn, á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu ya ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò lọ. Ó na ìbọn sí èyí tó dàgbà jù nínú wọn.

“Ta ló ṣe é?”

“Ọlọ́dẹ, àwa ń sín ohun tí wọ́n ní kí a sín ni. Àmọ́ n óò sọ òótọ́ fún ọ. Àṣà kan wà ní gbogbo ìlú bí irú tiwa. Bí ìlú kan bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, Olùṣọ́ tó wà nílé àárín á pàṣẹ pé, ‘Ẹ ká ẹní.’ Ìlú náà á ká ẹní rẹ̀, á kú wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ó má baà pa àwọn ará ilé kejì lára. Àwọn bàbá wa kú bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, Olùṣọ́ kò sọ̀rọ̀. Agogo ń lù, ẹnì kankan kò ní kí a dúró, la bá ń bí, à ń pọ̀, à ń gba ilé onílé.”

“Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ ń pa á?”

“A kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lóde.”

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n jẹ obìnrin tán, wọn kò mọ̀ pé obìnrin kan wà. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́jìnmí ju gbogbo èyí tó ti gbọ́ lọ. Ó sáré wọ ilé àárín ìlú. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn-gígùn ló kún ibẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin péré ni ìlẹ̀kẹ̀ wọn, ibi púpọ̀ sì ti já lára wọn, wọ́n kàn so wọ́n pọ̀ wúruwùru ni. Láàárín wọn ni Olùṣọ́ jókòó sí, ó tóbi, ó ń wo àwọn okùn tó já, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ni wọ́n fi sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sín in, ìyẹn ló jẹ́ kí párì rẹ̀ ká sódì. Ó ń rí gbogbo rẹ̀, kò sì lè la ẹnu.

Ọdẹ́jìnmí wá rí i pé kò sí orí kan tí òun lè yìnbọn fún. Gbogbo ìlú náà ló jẹ̀bi. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn kú. Ó kẹ́ ìbọn, ó kọjú rẹ̀ sí àárín àwọn okùn náà. Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ohun kan bá ń mì nínú igbó tí o kò rí i dájú, o kò gbọdọ̀ yìn ín kí o tó bi í léèrè, torí pé àwọn ará oko máa ń ṣáko. Bí ó bá dáhùn bí ènìyàn, àbùṣe bùṣe, o kò gbọdọ̀ yìn ín mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó ti ń jáde kó tó mọ̀.

“Ènìyàn ni ọ́ àbí ẹranko?”

Gbogbo ìlú dákẹ́, agogo nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ti inú àwọn okùn ìlẹ̀kẹ̀ jáde, ohùn Àwẹ̀ró gan-an, bó ṣe máa ń rí bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Ènìyàn ni mí. Ọdẹ́jìnmí, èmi ni. Ìwọ tó máa ń kọ́kọ́ jẹ ìrù ọ̀yà kó tó jẹ ẹran rẹ̀. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Ọdẹ́jìnmí wò yíká, kò rí ẹnikẹ́ni.

“Lára mi ni wọ́n ti mú ìlú yìí,” ni ohùn náà wí. “Gbogbo okùn tí ò ń wò yìí, tèmi ni. Kò sí ibòmíràn tí mo kù sí láyé. Bí o bá pa á, mo tán nìyẹn. Gbé ìbọn sílẹ̀. Ó tó.”

Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Àbí kí ló fẹ́ ṣe? Òun ló béèrè, ó ti dáhùn pé ènìyàn ni òun, òfin ọdẹ sì ti dè é lọ́wọ́. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi isà jókòó sáàárín ìlú tó pa ìyàwó rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohùn náà sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un pé òrùlé yàrá rẹ̀ ti ń jò, pé aṣọ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a. Ohùn náà ń dáhùn, “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́,” agogo náà sì ń dún lọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bí sí i, ẹ bí sí i.

Agogo yẹn ló jí i. Ó rántí bí Àwẹ̀ró ṣe rí ní ìparí, nígbà tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé òun ń fi ọwọ́ kan gbé e lọ wẹ̀. Nǹkan tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ló tún wá ń fi ẹnu rẹ̀ bẹ òun báyìí. Ìbínú tó gbé e dìde níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“O jalè lára rẹ̀ nígbà tó wà láàyè,” ló wí. “Ohùn rẹ̀ lo tún jí nígbà tó kú. N kò ní yìn ọ́ níbọn. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá pa ara rẹ.”

Ó lọ bá Olùṣọ́, ó gbá a ní párì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi orúnkún ti àyà rẹ̀, ó sì fà. Ohùn Àwẹ̀ró kígbe pé, “Ọdẹ́jìnmí! Ọkọ mi!” Ó tún fà á. Egungun dún. Párì Olùṣọ́ padà sí ipò rẹ̀, ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì mi gbogbo ilé náà.

“Ẹ ká ẹní.”

Agogo dúró. Àwọn asínlẹ̀kẹ̀ dìde, wọ́n sì ju iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀bẹ kan tó ti wà nínú àkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó fò jáde, wọ́n ń gé okùn, wọ́n ń gé òpó, létòlétò, gbogbo nǹkan ń di ẹrù kéékèèké. Ohùn náà ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń pè é, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kò di etí. Ó dúró ti ohùn náà títí ó fi dákẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, inú rẹ̀ dùn gan-an. Lẹ́yìn èyí ló bọ́ sí ìlú kejì nínú ìgò náà, ó fa párì Olùṣọ́ tibẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, títí tí kò fi sí agogo kankan tó ń dún mọ́.

Nígbà tó jáde tó sì tóbi padà, omi inú ìgò náà ti dàrú. Fadérera fi ọwọ́ lé orí.

“Bàbá, ẹ ti pa gbogbo wọn! Mo bẹ̀ yín!”

“O bẹ̀ mí lóòótọ́. Mo ti pa wọ́n.”

Obìnrin náà jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó di ti ará Ìlú Kí-Ló-Fà-Á. “Báwo lẹ ṣe pa wọ́n? Ibo lẹ fọwọ́ kàn?” Ọdẹ́jìnmí sọ fún un nípa párì tó ká sódì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ bí òun ṣe fà á. Fadérera ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó ní bí àwọn bá lè rọ ohun kékeré kan tó lè ṣe ohun tí ọwọ́ bàbá ṣe yẹn, kò sí ibi tí irú Olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ wà tí àwọn kò ní lè là á lẹ́nu, àní lára ẹni tó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n wọn á ní láti wò ó, kí wọ́n sì tún un wò. Ó dìde, ó ṣí firísà ńlá kan lẹ́yìn ilé, òtútù rú jáde bí èéfín. Ìgò kéékèèké kún inú rẹ̀, orúkọ Àwẹ̀ró sì wà lára gbogbo wọn.

“A kì í kó gbogbo wọn síbì kan, bàbá,” ni ó wí. “Àwọn wọ̀nyí wà láàyè. Wọ́n kàn ń sùn ni.”

Ọdẹ́jìnmí wo àwọn ìgò náà fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo wa tó mọ̀ ọ́n, ohun tí à bá rò ni pé á fọ́ firísà yẹn túútúú. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í.

Kò padà wálé mọ́. Nígbà tí mo wá a dé ọ̀hún, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì wọ aṣọ funfun bíi tiwọn. Bí wọ́n bá ti jí ìgò kan, tí wọ́n bọ́ ọ títí tó fi kún, tí Fadérera sì ti bi í ní ìbéèrè tó fẹ́ bi í tán, Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún. Á mu omi náà, á wọlé. Kì í gbé ìbọn lọ mọ́. Ó sọ fún mi pé gbogbo ìgbà ni ohùn Àwẹ̀ró ń bẹ òun, pé kò sí ìgbà kan tí òun gbọ́ tirẹ̀.

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbẹ̀san tán, ó ti tó. Ṣé kò tíì rẹ̀ yín ni? Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni wèrè. “Bí mo bá délé,” ló wí, “ibo ni mo ti fẹ́ gbọ́ ohùn ìyàwó mi?”

Òjò ti dá. Ẹ máa lọ.